Orí Kẹfà: Ìgbà Wo Ni Bíréèkì Yín Ń Ké?

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tó ń ké lọ bá ògbólógbòó mẹkáníìkì, ì báà jẹ́ ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ì báà jẹ́ lábẹ́ afárá rélùwéè ní Manchester, kò ní kọ́kọ́ bi yín pé báwo ni ariwo náà ṣe pọ̀ tó. Ìgbà tó ń dún ni yóò bi yín. Ṣé àárọ̀ nìkan ni? Ṣé bí ẹ bá tẹ bíréèkì ni, àbí bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀? Ṣé lórí eré ni, àbí nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró tán? Ìdáhùn yín ni yóò jẹ́ kó mọ ibi tí yóò wò kó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ kó yé wa nìyẹn: àkókò tí bíréèkì ń ké ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ti lè dá àkókò náà mọ̀ yóò mọ ariwo tó yẹ kó fojú fò, èyí tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe níwájú ilé, àti èyí tó gbọ́dọ̀ mú kó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá tó ń gbé Manchester gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé, àwọn mìíràn ń wa tákísì, àwọn mìíràn ń fi ọkọ̀ gbé ẹrù oníbàárà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n ti wà lójú títì, láti Moston dé Wythenshawe, láti Salford dé Gorton, mọ́tò tí wọ́n sì ń wà kì í sábà jẹ́ tuntun. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà ṣìṣe. Ẹlòmíràn á yí rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ mọ́. Ẹlòmíràn á sáré lọ san owó pípààrọ̀ gbogbo bíréèkì fún ohun tí búrọ́ọ̀ṣì onírin àti gírísì díẹ̀ ì bá yanjú.

Ibi tí eré ọkọ̀ ń lọ

Kí ọkọ̀ tó lè dúró, agbára tó wà nínú eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà lọ. Ọmọ Salford kan ló fi èyí han ayé kedere. James Prescott Joule, tí wọ́n bí ní 1818 sínú ìdílé apọntí, so òṣùwọ̀n mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí okùn náà lè máa yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú omi, ó sì ń fi tẹmómítà wo bí omi náà ṣe ń gbóná. Ó rí i pé agbára kì í ṣègbé. Ńṣe ló ń di ooru. Nọ́ńbà tí ìwádìí rẹ̀ mú jáde, 772.55, wà lára òkúta ibojì rẹ̀ ní itẹ́ òkú Brooklands ní Sale, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé sì fi ń wọn agbára lónìí.

Iṣẹ́ kan náà ni bíréèkì ń ṣe lójú títì. Mọ́tò tó wúwo tó 1,400 kìlógíráàmù, tó ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan, gbé nǹkan bí 126,000 joule dání. Bí eré náà bá di 60 máìlì, agbára inú rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni, ó lé ní 500,000 joule. Ooru tó tó bẹ́ẹ̀ lè mú lítà omi tútù kan àtààbọ̀ hó. Àwọn irin tó wà nídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ gba ooru yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ dà sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin ojú pópó Britain, Highway Code, fi sọ pé ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì nílò mítà 23 kó tó dúró, tí èyí tó ń sá 60 máìlì sì nílò mítà 73. Bí ojú títì bá tutù, ìwé náà ní kí a fi kún àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ̀ ní ìlọ́po méjì. Ní Manchester, ọjọ́ tí ojú títì máa ń tutù kò lóǹkà.

Láti ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí táyà, ọ̀nà náà kò lọ́jú. Ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà. Pẹ́dà ti ọ́ìlì bíréèkì nínú páìpù. Ọ́ìlì ti písítìn tó wà nínú kálípà. Písítìn fún páàdì méjì mọ́ dísìkì irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Páàdì àti dísìkì fi ara ha ara, eré di ooru, ọkọ̀ dúró. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn dípò dísìkì, ṣúù bíréèkì sì ń ti inú dúrọ́ọ̀mù náà ṣí síta láti dá a dúró.

Ìtòsí Manchester ni ìtàn ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ojú páàdì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Combs, abúlé kan lẹ́bàá Chapel-en-le-Frith ní àwọn òkè Derbyshire, Herbert Frood rí i pé àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń kan bàtà àlòkù mọ́ igi bíréèkì wọn, kí ẹrù má baà ti kẹ̀kẹ́ lu ẹṣin ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ronú pé bí awọ bàtà bá lè ṣe é, ohun tó dára ju bàtà lọ gbọ́dọ̀ wà. Ní 1897 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó tún lẹ́tà inú orúkọ ara rẹ̀ tò, ó fi ọ̀kan kún un, ó sì sọ ọjà rẹ̀ ní Ferodo. Orúkọ náà ṣì wà lára páàdì tí wọ́n ń tà káàkiri ayé.

Ohun tó ń fa ariwo gan-an

Ẹni tó bá ti wo onígòjé nínú ẹgbẹ́ onísákárà ti rí bí ariwo bíréèkì ṣe ń wáyé. Irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá gòjé máa ń di okùn mú, á fà á díẹ̀, okùn á yọ̀ bọ́, irun á tún dì í mú, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Dídì mú àti yíyọ̀ yẹn ló ń di ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni páàdì ń ṣe lára dísìkì. Bí dídì mú àti yíyọ̀ bá bá bí irin náà ṣe fẹ́ máa gbọ̀n mu, ariwo tín-ín-rín á jáde, èyí tó lè gbọ̀n láti 1,000 ìgbà dé 16,000 ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn sì máa ń gbọ́ ohùn tó wà láàárín 2,000 sí 5,000 ju gbogbo ohùn yòókù lọ. Nítorí náà, ariwo tó ń gún wa létí lè má ju gbígbọ̀n kékeré kan lọ, tí bíréèkì náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ariwo ṣe pọ̀ tó kò sọ bí ewu ṣe tó. Páàdì tuntun tí wọ́n kò fi gírísì sí etí rẹ̀ lè ké kí gbogbo àdúgbò gbọ́, kó sì dá ọkọ̀ dúró dáadáa. Páàdì tó ti jẹ tán lè kàn máa kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìgbà wo ló ń dún?

Láàárọ̀, lẹ́yìn òjò. Bí a bá wọn òjò odidi ọdún, ti Èkó pọ̀ ju ti Manchester lọ. Ṣùgbọ́n òjò Manchester kì í lọ bọ̀rọ̀; díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, kò sì sí oṣù tí kì í rọ̀. Irin dísìkì kò ní ọ̀dà tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀, nítorí náà òru kan péré tó kó fi dípẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbéra láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn híha ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ nítorí pé páàdì ti ha ìpẹtà náà kúrò. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e. Nígbà òtútù, iyọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń dà sójú títì kí yìnyín má baà dì máa ń mú kí ìpẹtà yá sí i. Ọkọ̀ tó ń fi bátìrì ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, irú èyí tí ọ̀pọ̀ onítákísì ń wà, máa ń ní ìṣòro yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé mọ́tò iná rẹ̀ ló sábà máa ń fa eré sílẹ̀. Dísìkì rẹ̀ kì í rí iṣẹ́ tó. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dára kí ẹ máa tẹ bíréèkì dáadáa ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀, níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ fẹ́ dúró, ohùn tín-ín-rín. Ariwo onígòjé tí a sọ lókè nìyí. Ó sábà máa ń wá láti inú eruku, ìpẹtà etí páàdì, àìsí gírísì, tàbí páàdì olówó pọ́ọ́kú tó le jù. Bí páàdì bá ti gbóná kọjá ààlà rí, ojú rẹ̀ lè máa dán bíi díńgí, kó sì máa ké bákan náà. Èyí ni ẹni tó bá ní sùúrù lè tún ṣe nílé.

Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, tí ohùn tín-ín-rín ń bá táyà yí, tó sì ń dákẹ́ tàbí tó ń yí padà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ahọ́n irin kékeré kan wà tí wọ́n dìídì ṣe síbẹ̀. Bí páàdì bá ti jẹ dé ìwọ̀n kan, ahọ́n náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha dísìkì. Ìkìlọ̀ ni: ẹ lọ ra páàdì lọ́sẹ̀ yìí.

Ohùn híha tí kò dáwọ́ dúró, tẹ̀ ẹ́ o, má tẹ̀ ẹ́ o. Bó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gba ọ̀nà olókùúta, òkúta kékeré lè ti há sí àárín dísìkì àti páànù tó ń gba eruku lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó jábọ́.

Ohùn lílọ̀ tó wúwo, tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ́ lórí pẹ́dà. Páàdì ti tán. Irin ló ń lọ irin. Dísìkì ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi dúró sì ti gùn sí i. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó wà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí kò náwó páàdì lásìkò yóò náwó páàdì àti dísìkì pọ̀.

Ohùn gbì kan ṣoṣo ní àkọ́tẹ̀. Páàdì kò dúró dáadáa nínú ilé rẹ̀, tàbí àwọn ìṣó tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn ti jẹ. Ó tún lè jẹ́ rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ tó di apá táyà mú. Ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ wò ó.

Ohùn kíkùn tó ń bá eré pọ̀, tó ń yí padà bí ẹ bá kọwọ́ sí ọ̀tún tàbí òsì. Bíréèkì kọ́ ni, bẹ́ríńgì táyà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra páàdì tuntun nítorí bẹ́ríńgì.

Gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì pátápátá lórí ilẹ̀ yíyọ̀. ABS ni, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Eruku tó pa òṣìṣẹ́ ní Rochdale

Kí á tó tú táyà, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ eruku dúdú tí a ó bá níbẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ọdún àkọ́kọ́ Frood, asbestos ni àwọn tó ń ṣe páàdì gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé iná kì í jó o. Rochdale, ní àríwá Manchester, ni ilé iṣẹ́ ńlá Turner Brothers ti ń ran okùn rẹ̀. Nellie Kershaw ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Eruku asbestos ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ó sì kú ní March 1924, lọ́mọ ọdún 33. Dókítà William Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró náà wò, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Britain lọ́dún yẹn kan náà. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ àrùn tí à ń pè ní asbestosis.

Láti 1999 ni òfin Britain ti kọ asbestos nínú bíréèkì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ àti páàdì tí a kò mọ ibi tó ti wá ṣì wà níta, eruku páàdì ìgbàlódé pàápàá kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku bíréèkì, ẹ má fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, ẹ má gbá a. Ẹ fi omi ìfọ̀ bíréèkì tí wọ́n ń tà nínú agolo rin ín, kí ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ sọ aṣọ náà sínú ọ̀rá kí ẹ dì í. Ẹ lo ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. A fẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì nílé, tí wọ́n ṣì ń fi ẹnu fẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù, gbọ́ èyí pẹ̀lú.

Wíwo bíréèkì níwájú ilé

Òfin Britain kan ní 2005 kọ kí ènìyàn máa tún ọkọ̀ ṣe fún owó lójú pópó, ṣùgbọ́n kò dí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Ohun tí ẹ nílò ni jáàkì, ìdúró irin méjì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sítáàǹdì, sípánà táyà, tọ́ọ̀ṣì, rúlà kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Bí nọ́ọ̀tì táyà yín bá ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá a rí.

Ibi títẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní tàbí P, ẹ fi igi há táyà tí ẹ kò ní gbé sókè. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé jáàkì sí ibi tí ìwé ọkọ̀ yàn, kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì ti sítáàǹdì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ táyà. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè; kò wà fún dídi ọkọ̀ mú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ara sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, torí dísìkì gbígbóná lè bó ọwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí páàdì ṣe nípọn tó, láìka irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tuntun sábà máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 10. Bó bá ti ku 3, ẹ ra òmíràn. Nínú àyẹ̀wò MOT, tí ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ṣe lọ́dọọdún, páàdì tí kò tó mílímítà 1.5 ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé ó léwu. Nígbà tí àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ń wò, bíréèkì sì wà lára wọn. Iná àti ìdarí ọkọ̀ ni méjì yòókù. Ẹ má wo páàdì ìta nìkan. Bí àwọn ìṣó kálípà bá ti há nítorí ìpẹtà, páàdì inú lè ti tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn.

Ẹ wo dísìkì náà. Bí ètè gíga bá ti yọ létí rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ní ilà jíjìn, dísìkì ti jẹ. Ìwọ̀n tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ jẹ́ sábà máa ń wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí dísìkì bá sán, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ fi páàdì ọ̀tún wé ti òsì pẹ̀lú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí kálípà ti há.

Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

Bí páàdì bá ṣì nípọn, tó jẹ́ pé ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, fífọ̀ àti gírísì lè tó. Bó bá ti tán, pípààrọ̀ ni. Ìgbésẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ lè máa wo èyí tí ẹ kò tíì tú bí nǹkan bá dàrú mọ́ yín lójú.

Ẹ tú bóòtì tó di kálípà mú, kí ẹ gbé kálípà kúrò, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi páìpù rọ́bà rẹ̀ rọ̀, torí páìpù náà lè ya nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ yọ páàdì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ibi tí etí páàdì ń jókòó sí lẹ́yìn tí ẹ ti rin ín, títí irin rẹ̀ yóò fi dán. Ọ̀pọ̀ ariwo ibí yìí ló ti ń wá, pàápàá ní ìlú olójò. Ẹ wò ó bóyá àwọn ìṣó kálípà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fàlàlà. Bí wọ́n bá há, ẹ nù wọ́n, kí ẹ fi gírísì tí kò ní ba rọ́bà jẹ́ pa wọ́n. Ẹ fi gírísì bíréèkì tó lè fara da ooru pa etí páàdì àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gírísì kò gbọ́dọ̀ kan ojú páàdì tàbí dísìkì láé. Bó bá kàn án, ẹ fi omi ìfọ̀ bíréèkì fọ dísìkì náà. Páàdì tí gírísì bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Bí páàdì tuntun ni ẹ fẹ́ fi sí i, méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀tún àti òsì, ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkọ̀ má baà máa fà sápá kan. Ẹ wá àmì E àti nọ́ńbà R90 lẹ́yìn páàdì náà. Ó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò bó ṣe yẹ. Ẹ tún ti páànù fẹ́lẹ́ tó bá wà lẹ́yìn páàdì padà sí ipò rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa gbígbọ̀n. Kí ẹ tó rọra ti písítìn wọlé, ẹ ṣí ìdérí ilé ọ́ìlì bíréèkì, kí ẹ sì máa wò ó kó má kún dànù, torí ọ́ìlì náà máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Písítìn ẹ̀yìn lára ọkọ̀ mìíràn ń fẹ́ kí á yí i bí a ṣe ń tì í. Bí bíréèkì ọwọ́ bá jẹ́ oníná, ẹ̀rọ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ náà, ẹ má fi agbára ti písítìn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ fún bóòtì le dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà, kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Písítìn ti jìnnà sí páàdì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò tẹ bíréèkì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ pátápátá láìsí ohunkóhun tó dá ọkọ̀ dúró. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní eré tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, lójú ọ̀nà tó dákẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ sá dé 30 máìlì kí ẹ rọra fà á sílẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ fún un láyè láti tutù láàárín, kí ojú páàdì àti dísìkì lè mọra wọn.

Àbùkù tí kì í pariwo

Ariwo ń ran awakọ̀ lọ́wọ́. Àbùkù bíréèkì tó burú jù lè má dún rárá. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì máa ń mú kó tètè hó. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 230 sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ó kéré tán. Èyí tí omi ti wọ̀ lè hó ní 155. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Snake Pass sí Glossop, tó fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ́ìlì bá hó, oru á gba ipò rẹ̀ nínú páìpù, pẹ́dà á sì rọ̀ lójijì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí á máa pààrọ̀ ọ́ìlì yìí ní ọdún méjì-méjì, tó sì fi yẹ kí á máa fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Àwọn àmì wọ̀nyí kọjá iṣẹ́ iwájú ilé: pẹ́dà tó ń rọ̀ tàbí tó ń wọlẹ̀, ọkọ̀ tó ń fà sápá kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, iná pupa bíréèkì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ́ìlì tó ń jò nídìí táyà, òórùn jíjó láti ara táyà kan ṣoṣo. Ẹ pe mẹkáníìkì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbé ọkọ̀ náà. Ẹ má wà á lọ bá a.

Ẹni tó bá ń gbèrò láti ra àlòkù lè fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà wo ìtàn MOT rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gov.uk, láti 2005 wá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé páàdì iwájú ti ń tán, tí ẹni tó ń tà á sì ń sọ pé àárọ̀ nìkan ló ń ké, ẹ ti mọ ẹni tó yẹ kí ẹ gbà gbọ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí bíréèkì yín bá ké: ìgbà tó ké, táyà tó ti ń wá, àti ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe lórí pẹ́dà. Bí ẹ kò bá lè tún un ṣe fúnra yín, ẹ ka ìwé kékeré náà fún mẹkáníìkì. Yóò dín owó yín kù, yóò sì jẹ́ kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ta ohun tí ẹ kò nílò fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ ohùn irin lórí irin lẹ ń gbọ́, ẹ tẹ ẹni tí ẹ ń lọ tọ́jú láago pé ẹ ó pẹ́, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ. Iṣẹ́ tó pẹ́ ṣì ṣeé ṣe. Ẹ̀mí tó lọ kò ní ìpààrọ̀.